Ìdọ̀tí Tí Ẹ Ní Kí N Má Fọ̀

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ìsinmi,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, bí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín láti poli, ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń wò ó bíi fáìlì ìjọba, ẹ ó sì kọ́kọ́ tún sípẹ́lì mi ṣe kí ẹ tó béèrè bóyá mo ti jẹun. Torí náà mo ti rọra kọ èyí. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé wà. Mọ́mì wà. Ẹja yín ni kò gbádùn, òun ni mo sì torí ẹ̀ kọ̀wé.

Nínú márùn-ún tí ẹ fi sílẹ̀, ó ku ọ̀kan. Alága ti kú. Igbákejì Alága ti kú. Akọ̀wé àti Ayẹ̀wéwò náà ti lọ. Akápò nìkan ló kù, bó ṣe máa ń rí nínú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lo gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ nínú ìpàdé ní sẹkitéríàtì kò lè rí ẹ̀dá márùn-ún pa pọ̀ kó má yàn wọ́n sípò.

Àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ máa ń dúró síwájú àpótí gíláàsì yẹn, wọ́n á wo ẹja aláwọ̀ ọsàn tó kọlà funfun mẹ́ta, wọ́n á bi mí pé ṣé wọ́n máa ń jẹ ẹ́. Mo máa ń ní rárá, ẹja òkun ni, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Wọ́n á wá wò mí. Mi ò bá wọn wí. Ní Adó-Èkìtì, òkè la mọ̀, a ò mọ òkun. Ẹ̀yin náà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ rí i, nígbà tí ìjọba rán yín lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì l'Ékòó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ra bàtà àti aṣọ bọ̀. Ẹ̀yin gbé garawa iyọ̀ méjì àti ẹja márùn-ún nínú ọ̀rá omi sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kí lẹ rí nínú omi yẹn, Dádì? Mi ò bi yín rí. Mo rò pé ó ṣì máa ṣeé bi.

Ohun tí mo rántí jù ni ọjọ́ Sátidé. Ẹ ó jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́yìnkùlé, ẹ ó máa fi eyín já píọ̀ wọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó da iyọ̀ òkun sí i, ẹ ó sì fi orógùn Mọ́mì rò ó. Mọ́mì á ti inú ilé kígbe pé ọbẹ̀ òun ti tún máa níyọ̀ jù. Ẹ ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, olówó ńlá, inú àpò rẹ̀ ló ń gbé. Ahọ́n yín lẹ ń lò. Ẹ ó ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ ó tọ́ ọ wò, ẹ ó dijú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní ó ti di òkun. Mo ti tọ́ ọ wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Iyọ̀ nìkan ni ahọ́n mi ń mọ̀.

Ẹ jẹ́ n dé ibi ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ rántí fílítà yín, ìyẹn ìgò rọ́bà tí ẹ gé lórí, tí ẹ ki fóòmù bọ inú rẹ̀, tí ọ̀pá tín-ín-rín ń gbé afẹ́fẹ́ wọ̀. Fóòmù yẹn dúdú bíi ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé àwọn ẹ̀dá wà nínú ìdọ̀tí yẹn tí ojú ò lè rí, pé àwọn ló ń jẹ májèlé tó ń jáde lára ẹja, pé bó bá tiẹ̀ dọ̀tí jù, omi inú àpótí náà ni kí a fi ṣàn án díẹ̀, kí a má fi omi mìíràn kàn án. Ẹ ní àwọn nìkan ni òṣìṣẹ́ tí ẹ mọ̀ tí wọn kì í hàn ní ọ́fíìsì, síbẹ̀ tí iṣẹ́ ń lọ.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo tún rò nínú ara mi pé àgbàlagbà kan ló ń wá ọ̀nà tí kò fi ní fọ nǹkan.

Ẹ mọ bí a ṣe ń sìnkú ní ìlú wa. Olóògbé á wà nínú yìnyín, ilé rẹ̀ á kọ́kọ́ gba ọ̀dà. Síìlì pálọ̀ tó ti ń jò láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, tí ẹ ń fi ike gbe omi ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi tún un ṣe, nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbójú sókè. Wọ́n kun ògiri. Wọ́n pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ilé tí ẹ gbé nínú rẹ̀ kò lẹ́wà tó ilé tí ẹ kú kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, àbúrò yín dé láti Igbemo pẹ̀lú sùtánà funfun wọn àti abẹ́là mẹ́fà. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi yínmú.

"Kí ló ń rùn nínú ulé yìí?"

"Ẹja ni, Àǹtí."

"Ẹja tí ẹ ò sè, tí ẹ ò yan, tí ẹ gbé sí pálọ̀ kó máa wo àlejò." Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ìka sí fílítà yín. "Ẹrẹ̀ rèé! Ṣé ohun tí àwọn ará ìjọ Bọ̀ọ̀dá mi máa wá bá nínú ulé wọn nìyí? Ìwọ ọmọkùnrin, o jókòó, o ń tẹ fóònù. Dìde, kí o lọ fọ̀ ọ́!"

Mi ò ní di ẹ̀bi ru Àǹtí. Wọn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín ló wà lórí mi bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Mo dìde, mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo bu omi gbígbóná, mo da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí tí omi rẹ̀ fi mọ́. Mo wá fún omi rẹ̀ dànù, mo sá a sí oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí mo máa wọ̀ síbi ìsìnkú yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọ̀ búlúù ni fóòmù yẹn? Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí pé ẹ ti lọ, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo dáwọ́ lé tó yọrí sí rere.

Akọ̀wé léfòó láàárọ̀ ọjọ́ àìsùn. Ayẹ̀wéwò àti Igbákejì lọ ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an, nígbà tí à ń to àga. Alága dúró dé Sunday ìdúpẹ́, ó jọ pé ó fẹ́ pa ìpàdé dé.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó sọ fún Bàbá Ìjọ. Bàbá Ìjọ sì gbé e gun pẹpẹ.

"Ará, àní ẹja! Ẹja tí kò lẹ́mìí èèyàn! Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti lọ, kí làwọn ń ṣe láyé! Ìwọ tí o jókòó síbí yìí, tí o bá kú, adìẹ ilé rẹ á mọ̀?"

Gbogbo ìjọ ké "Haà!" Ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí fi gèlè nu ojú. Orí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ni mo wà. Wọ́n kọ́ wa ní poli pé kéèyàn nawọ́ sókè bí olùkọ́ bá ṣì í. Mi ò nawọ́. Mo pa ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ sórí ìtan, ó ṣì ń run ọṣẹ.

Dádì, ìtàn náà yára ju ẹsẹ̀ mi lọ. Mo gun ọ̀kadà ní Fájuyì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣàlàyé àdúgbò wa fún ọlọ́kadà náà, ó ní, "Ṣé ọ̀nà ilé bàbá tí ẹja ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni Mọ́mì. Ẹ ò rí i bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Á mú wọn lọ síwájú gíláàsì, á nawọ́ sí Akápò tó dúró sí igun kan, tó ń mí gúlegúle, á ní, "Òun náà ti ń múra. Ẹ̀dá tó nífẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ lẹ́yìn." Ojú rẹ̀ á rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ọṣẹ bọ àárín ìyẹn?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú iná dé pẹ̀lú ipá, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yín jó. Mo sọ fún Mọ́mì pé a nílò fílítà tuntun, kíákíá. Kò tiẹ̀ bínú.

"Má yọ ẹja yẹn lẹ́nu," ó ní. "Ó ti pinnu. Jẹ́ kó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ ní àlàáfíà."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kí Akápò lè yè, ó di dandan kí Mọ́mì mọ̀ pé kì í ṣọ̀fọ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe: mo sá fún ọ̀rọ̀ náà. Bí Mọ́mì bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà tán, màá bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà dànù, màá fi tuntun dí i. Màá máa fi ife bu omi sókè, màá máa dà á padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, títí apá á fi kú. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná tí mo gbàwé-ẹ̀rí, ife ni mo ń lò. Kí agogo méjì tó lù, màá ti gbẹ ilẹ̀, màá ti jókòó, màá máa tẹ fóònù bí ọmọ tí kò wúlò.

Inú fóònù yẹn náà ni mo ti rí ọkùnrin kan l'Ékòó tó ń ta ohun èlò ẹja òkun. Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà?"

"Adó-Èkìtì."

"Ẹja òkun? L'Ékìtì? Ẹ kú ìgboyà o."

Ó ní oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ dà bíi garawa onídèérí, abẹ́ tábìlì ló ń gbé, ọ̀pá méjì á máa gbé omi lọ gbé e bọ̀, kì í pariwo rárá. Ìkejì ni kí a gbé àpótí gíláàsì mìíràn sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, kí omi máa ṣàn wá sísàlẹ̀, kí ẹ̀rọ kan máa lù ú di ìfófòó, kí ìfófòó náà sì máa kó ẹ̀gbin jáde. Ó ní èyí ló dára jù ní gbogbo àgbáyé, àwọn olówó erékùṣù l'Ékòó ni wọ́n ń lò ó. Ìkẹta ni fóòmù ńlá pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú tiyín, àfi pé bátìrì máa wà nínú ẹ̀rọ náà fún ìgbà tí kò bá sí iná.

Mo ní kó fún mi ní ti àwọn olówó erékùṣù. Ẹ mọ̀ mí.

"Kò burú. Wákàtí mélòó ni iná yín ń wà lóòjọ́?"

"Ó dá lórí ọjọ́."

"Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ tó dáa."

"Mẹ́fà."

"Ọjọ́ tí kò dáa ńkọ́?"

"A kì í kà á."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé bí iná bá lọ tó bọ̀ lójijì, ti àpótí méjì yẹn lè da òkun sórí kápẹ́ẹ̀tì, bí a ò bá tò ó dáadáa. Ti garawa onídèérí ńkọ́, bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ á kú sínú òkùnkùn, bí iná bá sì dé, ó máa pọ òkú wọn padà sí ẹja lójú. Ó ní fóòmù yẹn ni tèmi. Ohun tí ẹ gé lára ìgò rọ́bà lọ́jọ́sí, Dádì, òun ni amòye Èkó yàn fún wa lẹ́yìn ìwádìí.

Mo ti sọ fún un pé mẹ́rin ti kú. Ó wá béèrè pé kí ló pa wọ́n.

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan wà nínú ilé. "Mo fọ fóòmù."

"Omi inú táǹkì ẹja lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ."

"Haà. Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrọ́jú."

Gbogbo ìlú ló ti kí mi kú ìrọ́jú, láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ dé ọ̀dọ̀ akunlé tó kun ògiri wa. Ti ọkùnrin tí mi ò rí rí yìí nìkan ló wọ̀ mí lára.

Kó tó pa fóònù, ó kìlọ̀ fún mi. Fóòmù tuntun, òfìfo ni. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí àwọn ẹ̀dá yẹn tó wá gbé inú rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú wọn yára. Títí di ìgbà náà, ọjọ́ méjì-méjì ni a ó máa pààrọ̀ omi, ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ní ẹnì kan ò lè dá a ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi sì mọ̀ pé ẹnì kan ò lè fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú.

Ọ̀sán Sátidé ni mo sọ fún Mọ́mì. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń ka ìkéde.

Kò gbé bírò sílẹ̀. "Ìwọ lo fọ̀ ọ́."

"Èmi ni, Mà."

"Dádì ẹ ò sọ fún ẹ?"

"Wọ́n sọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Mi ò lè kà á, Mà."

"Májèlé ni, nígbà náà. Kì í ṣe ìbànújẹ́."

"Májèlé ni."

Ó máàkì ìwé kan tán, ó mú òmíràn. Ó wá ní, láìwò mí, "Ta ló wá ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi nínú ilé yìí? Èmi nìkan?"

Síìlì tuntun wà lókè tó ṣeé wò. Ilẹ̀ ni mo wò.

Dádì, ẹ jẹ́ n sọ eléyìí fún yín kí n tó gbàgbé pé mo ní ìgboyà. Mi ò sunkún. Wọ́n gbé yín sọ̀kalẹ̀, mo da erùpẹ̀ sí i, mo pín oúnjẹ, mo kó àga padà. Àwọn ará ilé ń sọ pé mo ṣe bí ọkùnrin. Mi ò ṣe bí ohunkóhun. Mo kàn ń wá nǹkan tí mo lè fọ̀. Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ràn yín? Ṣé ìdí tí ẹ fi ń jókòó wo omi yẹn náà nìyí, pé ó máa ń bá yín ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè ṣe?

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mọ́mì fi kí mi láàárọ̀ tí kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gba ẹrù láti ibi mọ́tò Èkó, mo to fílítà náà, bátìrì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń hó. Fóòmù náà mọ́ tónítóní. Ó jọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ tí kò tíì mọ ibi tí tábìlì ẹ̀ wà. Nígbà tí mo gbójú sókè, Mọ́mì ti jókòó sórí àpótí kékeré yín, ó ń fi eyín já píọ̀ wọ́tà.

Láti ìgbà yẹn la ti jọ ń ṣe é. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan láti ìjọ wọlé, ó tẹ̀ síwájú gíláàsì pẹ̀lú àánú, ó béèrè bóyá ẹja náà ṣì ń ṣọ̀fọ̀.

"Ẹja wo?" ni Mọ́mì wí. "Ọmọ mi tí ẹ ń wò yìí ló fi ọṣẹ pa wọ́n. Ẹ jókòó, mà, ẹ mu omi."

Obìnrin náà ò mu omi náà.

Akápò ṣì wà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín pé ó ti yè. Ó ń jẹun, á sì tu ìdajì rẹ̀ dànù. Ìmí rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Kò kúrò ní igun yẹn. Ọkùnrin Èkó ní kí a má tíì yọ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní mo rí nǹkan kan ní ìdí fóòmù náà, tín-ín-rín, ó pọ́n bí omi tíì. Mo pe Mọ́mì. Ó fi awò ojú sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí. Mo na ọwọ́ láti fi hàn án ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn, ó sì fi ara rẹ̀ dí àárín èmi àti gíláàsì náà.

"Má dán an wò," ó ní. "Jẹ́ kó dọ̀tí."

Mo ń ṣọ̀fọ̀ yín, Dádì, lójoojúmọ́, bí mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọmọ yín ni,
ẹni tí ẹ kọ́ tí kò gbọ́ títí ẹ fi lọ, tó wá ń gbọ́ báyìí.